Àga Kẹta

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gun ọ̀kadà wá sí Àyétòrò,
ó ń pè mí ní Bàbá Kọ́múréèdì bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
Wọ́n ní Alàgbà Oyèwùsì ti kú, àga kẹta ṣófo,
wọ́n ń wá ẹni tí kì í gba rìbá.
Mo rẹ́rìn-ín. Wúràọlá kò rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mo ti sun orí sìmẹ́ǹtì ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mẹta
torí owó oṣù tí wọn kò san nílé-iṣẹ́ irin,
èmi tí mo gun orí dúrọ́ọ̀mù ní Òkè-Fìà
tí mo ní òfin yìí, páńpẹ́ ni,
ológoṣẹ́ ní í mú, kì í mú àwòdì,
ṣé èmi náà ni n ó wá máa dẹ páńpẹ́?

Tìámíyù wá lálẹ́. Kò jókòó.
"Bí o bá lọ, má pè mí ní kọ́múréèdì mọ́.
Ilé tí a fẹ́ wó, a kì í bá wọn kùn ún lọ́dà."
Ó bọ́ sóde, kò pa ilẹ̀kùn dé.

Mo ti bi akọ̀wé léèrè pé ẹjọ́ wo ló wà nílẹ̀.
Ó wo ìwé: Mùkáílà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ará Àlékúwodò,
wọ́n ká a mọ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ irin lóru
pẹ̀lú ọ̀pá irin mẹ́rin àti ayùn.
Ọgbà wa!
Níbi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá yọ́ irin,
tí àpá iná rẹ̀ ṣì wà lápá òsì mi.
Àwọn tó kó ẹ̀rọ ibẹ̀, tírélà ni wọ́n gbé wá, lójú ọ̀sán,
fáìlì ló wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ayùn.
Ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀,
ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gbà á kò sí nínú ìwé ẹjọ́.

Iná ti lọ. Yànmùyánmú ń ṣèpàdé létí mi.
Mo ní n kò lọ.
Mo ní bí n kò bá lọ, Ràjí Onílé ni wọn yóò fi síbẹ̀,
ẹni tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta.
Mo ní bí mo bá lọ, ẹni méjì yóò borí ẹnì kan,
orúkọ tèmi yóò sì wà nísàlẹ̀ ìwé ẹ̀wọ̀n.
Bí ọmọ náà bá wá jẹ́ olè ńkọ́?
Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Torí ó jalè.

Wúràọlá sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, mo rò pé ó ti sùn:
"Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ tìrẹ, ta lò ń wò lójú?"
N kò dáhùn. Ó mọ̀.
Ìyá arúgbó kan ni, lórí àga ọ̀tún,
kò sọ ju "ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀" lọ.
Wọ́n ṣì sọ mí sẹ́wọ̀n.
Ṣùgbọ́n mo parí ọ̀rọ̀ mi.

Lọ́jọ́bọ̀, òjò. Mo wọ bàtà iṣẹ́ àtijọ́,
mo fẹsẹ̀ rìn gba afárá Gbọ̀dọ̀fọ́n kọjá.
Akọ̀wé tẹ́ nǹkan mẹ́ta sórí tábìlì:
Bíbélì, Kùránì, irin pẹlẹbẹ kan.
"Èwo lẹ ó fi búra?"
N kò tíì rí èsì fún Tìámíyù. Bóyá n kò ní í rí i.
Mo gbé irin. Ó tutù. Mo yí i padà:
àmì ilé-iṣẹ́ wa ló wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ẹnikẹ́ni kò bi kóòtù bó ṣe rí i.
Mo fẹnu kàn án.
Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà.
Mo jókòó, sí etí àga,
bí ẹni tó lè dìde nígbàkigbà.